Okùn Kejì ní Ìsọ̀ Tantí Adíjá

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kambolé tí ẹ ń múra ìdánwò bákì tí ẹ máa fi parí girama, tí ẹ sì ń rò ó pé iṣẹ́ wo ni ẹ fẹ́ ṣe láyé, èmi Séídù ni mo ń kọ èyí sí yín. Rámátù ọmọ mi wà láàárín yín. Ó ti sọ fún mi pé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì tí bàbá òun ṣe ni òun náà fẹ́ ṣe, láti ìgbà náà ni oorun mi kò sì ti jinlẹ̀ mọ́. Mo mọ àwọn òrùlé tí mo gùn. Mo mọ ọ̀nà eléruku tí mo gbà lórí alùpùpù láàárín Sokodé àti Tchamba, mo sì mọ bí ejò ṣe fẹ́ràn láti máa sùn nínú àpótí wáyà. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ẹ̀rù nìkan bá yín sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, pàápàá ọ̀ràn okùn tẹlifóònù kan ní Kambolé níbí, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí ìyá kan má gbúròó ọmọ rẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà aṣálẹ̀.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gùn. Mo ti parí ilé ìwé girama ní Tchamba, mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún rédíò ṣe, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì mọ ẹnì kan ní Sokodé tó ń wá ẹni tó lè mú wáyà dání láìjẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Owó oṣù ibẹ̀ tó jẹun, kò tó ṣe fàájì. Ìyẹn náà ti tó nípa owó.

Ilé-iṣẹ́ kékeré ni, lókè ilé ìtajà sìmẹ́ǹtì kan nítòsí ọjà ńlá Sokodé. Ohun tí à ń tà ni ọ̀nà sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà yẹn, okùn tẹlifóònù ni íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń jẹ́ módẹ́ẹ̀mù á pe nọ́ńbà wa ní Sokodé gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń pe ènìyàn, ẹ̀rọ tiwa á dáhùn, àwọn méjèèjì á sì máa han síra wọn títí wọ́n á fi gbọ́ra yé. Oníbàárà tó bá fẹ́ kó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ á gba okùn méjì àti módẹ́ẹ̀mù méjì, a ó sì so ọ̀nà méjèèjì pọ̀ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ bí ọ̀kan. Wọ́n dára nígbà tí wọ́n bá fẹ́ rìn pọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni pé, bí wọ́n bá kọ̀ láti rìn pọ̀, kí n lọ wádìí ohun tó fà á.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń jẹ́ Bùkárì, ọmọ ẹ̀yà Tem, Sokodé ni wọ́n bí i sí. Patọ́rọ̀n ni gbogbo wa ń pè é, bí Faransé ṣe ń pe ọ̀gá. Ó ga, ó tínrín, kì í sì í gbé ohùn sókè, èyí tó mú kí ìbáwí rẹ̀ máa dunni jù. Ní oṣù àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan wáyà rárá. Á fi aṣọ bo módẹ́ẹ̀mù, á ní kó pe nọ́ńbà, á sì ní kí n jókòó kí n máa gbọ́.

"Kí lo gbọ́?"

"Ó ń pariwo, Patọ́rọ̀n."

"Ìyá mi tó ń ta kúlíkúlí náà mọ̀ pé ó ń pariwo. Mo ní kí lo gbọ́?"

"Ó pè, wọ́n gbé e. Wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́."

"Èwo nínú wọn ló kọ́kọ́ dákẹ́?"

"Mi ò mọ̀."

"Ó dáa. Tún un gbọ́."

Báyìí ni mo ṣe gbọ́ igbe módẹ́ẹ̀mù títí mo fi lè sọ, láìwo iná rẹ̀, bóyá okùn ló ti gbó, bóyá omi ló wọ àpótí, tàbí bóyá ẹ̀rọ tiwa ní Sokodé ló kọ̀ láti dáhùn. Títí di òní, bí mo bá rántí igbe yẹn, inú mi máa ń dùn, bí ìgbà tí ènìyàn bá rántí ohùn olùkọ́ tó máa ń nà án.

Òfin méjì péré ni Patọ́rọ̀n ní. Èkíní: má ṣe yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá pààrọ̀ wáyà tí o sì pààrọ̀ módẹ́ẹ̀mù, tí gbogbo rẹ̀ wá dára, o ò mọ èyí tó ṣe é. Bí ó bá ká ẹ mọ́ ibi tí o ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, á tú gbogbo iṣẹ́ náà palẹ̀ lójú oníbàárà, á ní kí o bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì: kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kọ́kọ́ jókòó síbi tí oníbàárà ń jókòó sí, ní àkókò tí òun fúnra rẹ̀ ń lò ó. Òfin kejì yìí ni mo máa ń kùn sí nígbà náà, torí ó ń jẹ àkókò. Mo tún kọ́ ẹ̀kẹta fúnra mi ní Bago, níbi tí àrá ti jó gbogbo módẹ́ẹ̀mù ilé ìwòsàn kékeré kan, tí iná sì fò jáde láti ara ògiri tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí rẹ̀: bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú, kúrò nídìí wáyà. Rámátù, bí o kò bá gba ìmọ̀ràn kankan lọ́wọ́ mi, gba ìyẹn.

Nígbà tí mo ti lè dá iṣẹ́ ṣe, Patọ́rọ̀n fi agbègbè Tchamba lé mi lọ́wọ́, pẹ̀lú Kambolé, ìlú mi. Ibẹ̀ ni mo ti bá ọ̀ràn Tantí Adíjá pàdé.

Àwọn àgbà á rántí ìsọ̀ Tantí Adíjá létí ọjà. Kabín tí wọ́n ti ń sanwó pe tẹlifóònù ni tẹ́lẹ̀: tẹlifóònù kan, àga, aṣọ ìkélé, àti bẹ́ǹṣì gígùn kan lábẹ́ ìbòòji níta. Gbogbo ọmọ Kambolé tó bá ti rìnrìn àjò ló mọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí. Nígbà tí àwọn oníṣòwò iṣu bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ máa kọ̀wé ránṣẹ́ sí Cotonou àti Lomé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ra kọ̀ǹpútà, ó gba okùn tẹlifóònù kan sí i, ó sì ní ká so okùn méjèèjì pọ̀. Okùn tuntun di ọ̀nà kìíní. Okùn kabín àtijọ́, tí gbogbo ìlú mọ nọ́ńbà rẹ̀, di ọ̀nà kejì. Ẹ̀kẹta kò sí láti gbà, torí àpótí tẹlifóònù ìlú ti kún.

Láti Sátidé títí di Ọjọ́bọ̀, iṣẹ́ ń lọ geerege. Tó bá di ọ̀sán Jímọ̀, ọ̀nà kejì á bẹ̀rẹ̀ sí já. Á já, á tún ara rẹ̀ pè, á tún já. Bó bá sì ti ń já, èyí tó kù náà á dàrú, gbogbo kọ̀ǹpútà á dúró, àwọn oníṣòwò á sì dìde pẹ̀lú ìbínú. Tantí Adíjá pe Sokodé.

"Séídù, mo fẹ́ bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀rọ yín yìí, ṣé Mùsùlùmí ni?"

"Tantí, kí ló dé?"

"Kò sí Jímọ̀ tí kò ní lọ kírun. Ó kàn jẹ́ pé kì í tètè dé."

Mo lọ ní ọjọ́ Ajé. Mo yọ ọ̀nà kejì, mo dán ọ̀nà kìíní wò, ó dára. Mo yọ ti kìíní, mo dán ti kejì wò. Òun náà dára. Mo so wọ́n pọ̀, wọ́n ń rìn bí ìbejì. Mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, mo pààrọ̀ wáyà tó wọlé láti orí òpó. Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ó tún já. Nígbà tí mo ròyìn fún Patọ́rọ̀n, ó wò mí.

"Ọjọ́ wo ló ń bà jẹ́?"

"Jímọ̀."

"Ọjọ́ wo lo ń lọ?"

Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo kírun ní mọ́ṣáláṣí ńlá Kambolé, mo sì lọ jókòó sí ìsọ̀ náà láìfọwọ́ kan nǹkan kan.

Àwọn ìyá àgbà kan wà lórí bẹ́ǹṣì níta. Mo rò pé ìbòòji ni wọ́n wá gbà. Kò pẹ́, iná ọ̀nà kejì kú lára módẹ́ẹ̀mù. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tẹlifóònù kabín dún lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Kò sẹ́ni tó dìde. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà kàn sọ pé "Àlàmùdù lílàhì," ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì gba ilé lọ.

Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, wọ́n ń pe tẹlifóònù, ẹ ò gbé e?"

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ẹ wo teknísíẹ̀n tí wọ́n rán wá láti Sokodé. Ta ló ń gbé bíìpù?"

"Ó ti pẹ́ jù ní Sokodé," èkejì ní. "Wọ́n lówó níbẹ̀, gbígbé ni wọ́n máa ń gbé e."

Báyìí ni wọ́n ṣe là mí lọ́yẹ. Àwọn ọmọ wọn tó wà ní Libreville, ní Abidjan, ní ọ̀nà Líbíà, kò lówó ìpè. Nítorí náà, wọ́n bá àwọn ìyá wọn ṣàdéhùn: lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ọmọ á pe nọ́ńbà kabín, á jẹ́ kó dún, á sì jù ú sílẹ̀ kó tó di pé wọ́n gbé e. Ìyẹn ni bíìpù. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀. Ti èyí á dún lẹ́ẹ̀mejì. Ti èyí á dún lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́, á tún dún. Ó túmọ̀ sí pé ara òun le. Ẹni tó bá gbé e ti fi owó ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò, wọ́n á sì bá a jà.

Ìyá kan wà ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì tí kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá Ràmánù ni. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù fún un ti gba ọ̀nà Niger lọ, ó fẹ́ kọjá sí Líbíà. Àmì tirẹ̀ ni kó dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Jímọ̀ bíi mélòó kan ti kọjá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò tíì dún. Ó dúró títí ìrun Àsárì fi wọlé, ó yí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó sì lọ.

Mo ti mọ ohun tó ń já ọ̀nà kejì. Tẹlifóònù ìgbà náà ní àmì kan: bí o bá wà lórí okùn tí ẹlòmíràn sì pè ọ́, wàá gbọ́ "tíìn" kékeré létí rẹ. Ènìyàn lè fara da tíìn. Módẹ́ẹ̀mù kò lè fara dà á. Á rò pé ọ̀rọ̀ ti dàrú, á fi okùn sílẹ̀, ìpè tuntun á sì wọlé dún. Ìkíni àwọn ọmọ ló ń já íńtánẹ́ẹ̀tì Tantí Adíjá.

Patọ́rọ̀n kò tiẹ̀ gbé ojú kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí mo sọ fún un. "Ìyẹn rọrùn. Sọ fún ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kí wọ́n pa àmì náà. Ẹni tó bá pè á gbọ́ pé ọ̀nà dí."

"Patọ́rọ̀n, àwọn ìyá yẹn kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́."

"Séídù, bíìpù kọ́ là ń tà. Íńtánẹ́ẹ̀tì ni."

"Ọmọ ìyá kan wà lójú ọ̀nà aṣálẹ̀. Bó bá pè tó sì dí, ìyá rẹ̀ kò ní mọ̀ bóyá ó ti débì kankan."

Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Jímọ̀ tó ń bọ̀, a jọ ń lọ."

Patọ́rọ̀n, ọ̀gá tó ga bí òpó, jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ìyá Kambolé. Yorùbá rẹ̀ kò jù díẹ̀ lọ. Ọ̀kan bi í pé, "Ọ̀gá, ọmọ tiyín dà tí ẹ ń retí?" Ó nawọ́ sí módẹ́ẹ̀mù, ó ní, "Òun nìyẹn. Kò gbọ́ràn." Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Bíìpù ń wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ìyá ń dìde lọ, títí ó fi ku Ìyá Ràmánù nìkan. Patọ́rọ̀n wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó fi èdè Tem bi mí pé, "Tirẹ̀ ńkọ́?" Mo ní kò wá.

Ibẹ̀ ló ti pinnu. Wọ́n á pa àmì tíìn náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀, láti ìgbà tí wọ́n bá kírun tán títí di Àsárì, a ó yọ ọ̀nà kejì kúrò, okùn kabín á wà lófìfo fún àwọn ìyá, kọ̀ǹpútà á sì máa fi okùn kan rìn jẹ́jẹ́. Ẹ̀rù bà mí pé Tantí Adíjá á kọ̀, torí òun ló ń san owó okùn méjèèjì. Ó kàn mi orí pé ó dáa.

"Oníṣòwò tí kò bá lè ní sùúrù fún iṣu rẹ̀ di Àsárì," ó ní, "kó rù ú lọ sí Cotonou."

Mo padà lọ ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e láti rí i pé ohun tí a ṣe dúró. Okùn kabín wà lófìfo. Bíìpù wọlé láti Libreville, òmíràn wọlé, àwọn ìyá ń yin Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà tẹlifóònù dún lẹ́ẹ̀kan. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó dún lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo wọn yíjú sí Ìyá Ràmánù. Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Ó tún dún. Kò dákẹ́.

Tantí Adíjá nawọ́ láti gbé e. Ìyá Ràmánù sáré wọlé, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Má gbé e. Owó ọmọ mi."

"Ó ń dún jù, Ìyá Ràmánù."

Ọ̀kan nínú àwọn tó kù ní, "Jẹ́ kó dún. Àwọn Jímọ̀ tó jẹ wá sílẹ̀ ló ń san."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ayọ̀ ló pọ̀ lójú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Patọ́rọ̀n ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ tẹlifóònù, mo sì mọ̀ pé ẹni tó wà lẹ́yìn èyí kò fẹ́ jù ú sílẹ̀.

"Ìyá," mo ní, "èyí kì í ṣe bíìpù. Ó fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

"Bí owó rẹ̀ bá tán ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó tán."

Ó wo ojú mi bí ẹni tí mo ní kó ju ọmọ rẹ̀ sínú kànga. Lẹ́yìn náà ó jọ̀wọ́ ọwọ́ Tantí Adíjá, ó sì gbé e fúnra rẹ̀.

"Ràmánù? ... Èmi ni. Mo ní èmi ni. Ṣé o ti jẹun? ... Ṣé o ti jẹun ni mo bi ọ́." Ó gbọ́ fún ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Àdúrà ibo?"

Tantí Adíjá ti gbé etí rẹ̀ sún mọ́ tẹlifóònù. Òun ló rọra sọ fún wa. Ọmọ náà wà ní Agadez. Ọkọ̀ tó máa gbé wọn kọjá aṣálẹ̀ ti ń kó ènìyàn. Ó ní òun kò fẹ́ gùn ún láìgba àdúrà ìyá òun.

"Rárá," Ìyá Ràmánù ní. Kò pariwo mọ́. "Mi ò ní gbàdúrà sí ọ̀nà yẹn. Àwọn ọmọ Bago tó lọ ṣáájú rẹ, ta ló tún gbúròó wọn? Ọ̀nà ilé ni mo máa gbàdúrà sí. Dúró, kí o gbọ́ ọ kí owó rẹ tó tán."

Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà níbẹ̀, lórí ìdúró. Gbogbo bẹ́ǹṣì ń ṣe àmín. Láàárín rẹ̀, mo gbọ́ tí okùn já ní ìhà kejì. Tantí Adíjá náà gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó gbàdúrà náà parí sínú tẹlifóònù, ó sì gbé e sílẹ̀.

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo ṣe ní gbogbo ọdún iṣẹ́ mi, èyí ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, kì í ṣe àwọn ẹ̀rọ. Àwọn ẹ̀rọ ti lọ. Okùn kan tó yá ju méjì àtijọ́ lọ dé, a kó módẹ́ẹ̀mù onígbe sínú páálí. Tẹlifóònù àpò dé, bẹ́ǹṣì Tantí Adíjá ṣófo, ó fi í ta ilé kéwú lọ́rẹ. Nígbà tí wáyà oníná dígí, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, dé Sokodé, Patọ́rọ̀n ti fẹ̀yìn tì. Ó wá wò ó, ó fi etí sí i, ó ní kò sọ nǹkan kan. Èmi náà kọ́ ọ, mo ṣe é títí agbára mi fi dín kù, mo sì padà wá sí Kambolé. Ó yá, ó mọ́, kì í já. Síbẹ̀ nígbà mìíràn, mo máa ń ṣàárò igbe yẹn, torí ó máa ń jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé àwọn méjì ń wá ara wọn.

Ràmánù padà wálé. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló ni ọkọ̀ akẹ́rù aláwọ̀ ewé tó ń kó iṣu lọ sí Sokodé. Ọ̀rọ̀ Agadez kò jáde lẹ́nu wa rí títí di ọjọ́ kan báyìí, nígbà tí mo bá a níbi tó ti ń di ẹrù ní etí ọjà. Mo bi í léèrè ohun tó ti wà lọ́kàn mi tipẹ́: bí kò bá sẹ́ni tó gbé tẹlifóònù lọ́jọ́ náà, kí ni ì bá ṣe?

Ó yà á lẹ́nu pé mo béèrè.

"Bàbá Rámátù, ẹ̀yin náà mọ bíìpù. Bí o bá pè tí wọn ò gbé e, a jẹ́ pé wọ́n ti gbọ́, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i. Èmi rò pé bí wọn ò bá ti gbé e, ìyá mi ti gbàdúrà fún mi nìyẹn. Mo ti gbé báàgì mi sínú ọkọ̀ aṣálẹ̀ nígbà náà."

Ó fa okùn ẹrù náà le, ó sì ní kí n bọ́ sẹ́yìn díẹ̀, kí iṣu má baà já lù mí.